A KÌ Í FÁ ORÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ: Ọ̀rọ̀ lórí Oògùn Ọ̀fẹ́ fún Àwọn Ilé Ìwòsàn Ìgbèríko

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ọ̀rọ̀ náà kò le. Ọmọdé gbọ́ ọ, àgbà gbọ́ ọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo oore tí ọmọ ènìyàn ń ṣe fún ara wọn, kò sí ibi tí a ti ń gbàgbé òwe yìí tó ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan oògùn àti ohun èlò ìwòsàn tí a fi ń ta ilé ìwòsàn ìgbèríko lọ́rẹ. Ẹni tí ó wà ní ìlú ńlá a kó àpótí jọ, a dì í, a fi ránṣẹ́, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀ pé òun ti ṣe rere. Ẹni tí àpótí náà bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í ní ẹnu láti wí pé, "Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ó ń dùn wá." Èrò tèmi ni pé oògùn tí a kò béèrè kí a tó fi ránṣẹ́ kò ì tíì di oògùn, ẹrù lásán ni. Mo sì fẹ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a gbé wà. Dansoman kì í ṣe ìgbèríko. Bí àìsàn bá kọlu ènìyàn ní Exhibition tàbí ní Last Stop, kò jìnnà sí Korle Bu, ilé ìwòsàn ńlá tí a ṣí ní ọjọ́ 9, oṣù October, ọdún 1923, nígbà tí Guggisberg jẹ́ gómìnà ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tí a jọ ń ka ìwé yìí, ọmọ Gánà, ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Tógò àti ọmọ Benin, ta ni kò ní ará ní abúlé? Ní irú abúlé bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn lè má ju yàrá méjì tàbí mẹ́ta tí ìjọ kan kọ́. Nọ́ọ̀sì kan ni ó lè máa ṣe gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀, kí oṣù kan sì kọjá kí dókítà má yọjú. Iná mànàmáná lè wà lónìí, kí ó má sí lọ́la. Irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ni a máa ń dárúkọ nígbà tí a bá ń gba owó àti ẹrù jọ ní ilé ìjọsìn, ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ní ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ rere ẹni tí ó fún ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bá ọrẹ jà. Bí kò bá sí ọrẹ, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tí a fi ń yangàn lónìí kì bá tí sí. Ní ọdún 1895 ni àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lantoro, ní Abẹ́òkúta. Ní 1907 ni àwọn Onítẹ̀bọmi tí ó ti Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1931 ni ilé ìwòsàn Agogo, ní ilẹ̀ Àṣáńtì, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Basel. Owó àti ẹrù àwọn tí kò fi ojú kan ibẹ̀ rí wà nínú ohun tí ó gbé wọn dúró. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò dáradára ni ti Iléṣà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀dọ́ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní Wesley Guild. Wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n sì ń fi í ran iṣẹ́ ìwòsàn lọ́wọ́ ní Iléṣà, títí orúkọ ẹgbẹ́ wọn fi di orúkọ ilé ìwòsàn náà: Wesley Guild Hospital. Ní 1956 ni dókítà kan tí ń jẹ́ David Morley dé ibẹ̀. Kò jókòó sí Iléṣà nìkan. Ó ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé láti mọ ohun tí ń ṣe àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ń kú ni oúnjẹ tí kò tó àti àwọn àrùn tí a lè dènà ń pa. Ọmọ a ti máa rù díẹ̀díẹ̀, oṣù a máa gorí oṣù, kò sì sí ẹni tí yóò fura títí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èéyi yóò fi dé bá a nínú àìlera.

Kí ni dókítà yìí ṣe? Ó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò ì tíì pé ọdún márùn-ún, ó fi iṣẹ́ náà lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó sì ṣe káàdì kan tí a ń fi àmì ìwọ̀n ọmọ sí ní oṣooṣù. Bí ìlà inú káàdì náà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá dúró sójú kan, tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀, a mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kí ewu náà tó dé. Ìyá ọmọ ni ó ń mú káàdì náà lọ sílé, òun ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Òṣùwọ̀n kan, káàdì kan, àti ìyá tí a ti ṣàlàyé fún: èyí ni ohun èlò ìwòsàn tí ó ti Ìmẹ̀sí-Ilé jáde lọ sí gbogbo ayé, tí àwọn ìyá sì ń lo irú rẹ̀ títí di òní ní Gánà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba gba ilé ìwòsàn Iléṣà, tí ó sì di apá kan ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé owó àwọn ọ̀dọ́ náà so èso rere nítorí pé ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ń rí aláìsàn lójoojúmọ́, tí wọ́n sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo òdì kejì ọ̀rọ̀ náà wàyí. Ní oṣù December, ọdún 1988, ilẹ̀ mì tìtì ní Armenia, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì kú. Àánú ṣe gbogbo ayé. Nǹkan bí 5,000 tọ́ọ̀nù oògùn àti ohun èlò ni wọ́n rọ́ lọ síbẹ̀. Ènìyàn 50 ni ó fi oṣù mẹ́fà ṣà wọ́n kí wọ́n tó mọ ohun tí ó wà nínú ẹrù náà. Òmíràn ti kọjá àkókò lílò, òtútù ti ba òmíràn jẹ́, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ó kù kò sì bá ohun tí ń ṣe àwọn tí ó farapa mu. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Áfíríkà. Eritrea ń ja ogun òmìnira rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà. Ọkọ̀ akẹ́rù méje ni ó kún fún Aspirin tí ó ti kọjá àkókò. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń sun ún níná. Ìgò oògùn olómi 30,000 tún wà níbẹ̀ tí àkókò ti kọjá lórí wọn, a kò sì lè dà wọ́n nù sí itòsí ibi tí ènìyàn ń gbé nítorí òórùn wọn. Ẹ bá mi rò ó: ilẹ̀ tí ogun wà, tí epo ọkọ̀ wọ́n, tí òṣìṣẹ́ ìlera kò tó, òun ni a tún di ẹrù ìdọ̀tí ẹlòmíràn rù. Àwọn tí ó fi nǹkan wọ̀nyí ránṣẹ́ lè jẹ́ ènìyàn rere. Ìwà rere wọn kò mú kí oògùn tí ó ti bàjẹ́ wo orí fífọ́ kan.

Bí ọ̀rọ̀ oògùn ti rí, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀rọ. Ní 2011, àwọn onímọ̀ méjì, Perry àti Malkin, kó ìròyìn jọ nípa àwọn ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ní àwọn ilẹ̀ tí kò lọ́rọ̀. Wọ́n rí i pé nínú ẹ̀rọ 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 tí kò ṣiṣẹ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. A kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní lílò rẹ̀, tàbí kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe, tàbí ohun tí a ń fi sínú rẹ̀ kò sí ní ọjà wa. Nígbà mìíràn, iná ni kò bá a mu: ẹ̀rọ tí a ṣe fún iná Amẹ́ríkà, tí í ṣe 120 fóòtì, ni a ki bọ inú iná wa tí í ṣe 230, ó sì jóná ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fẹ́ ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ó di àga tí ewúrẹ́ ń sùn sí abẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì kò sì gbọdọ̀ jù ú nù kí a má baà sọ pé kò mọ oore.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe gbé ìlànà jáde ní 1996 lórí oògùn tí a fi ń tọrẹ, tí ó sì tún un ṣe ní 1999 àti ní 2010. Ẹ̀ka ètò ìlera Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé wà lára àwọn tí ó fi ọwọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn aláìgbàgbọ́ tí kò fẹ́ àánú. Ìlànà náà kò le. Ẹni tí yóò gbà á ni kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fẹ́. Oògùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìjọba ilẹ̀ náà fi ọwọ́ sí. Nígbà tí ó bá gúnlẹ̀, ó kéré tán kí ó ku ọdún kan kí àkókò lílò rẹ̀ tó parí. Kí orúkọ àti àlàyé ara ìgò wà ní èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibẹ̀ gbọ́. Èyí tí aláìsàn kan lò kù ní ilẹ̀ mìíràn, a kò gbọdọ̀ kó o wá. Kí ẹni tí ń fúnni sì san owó ọkọ̀. Bí a bá wò ó dáradára, òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí, a kàn pín in sí ẹsẹ̀ púpọ̀ ni.

Ọrẹ tí ó tọ̀nà ń bẹ, ó sì ti ṣe bẹbẹ ní ilẹ̀ wa. Àwọn tí ó ti dàgbà mọ sòbìà, aràn gígùn bí okùn tí ń yọ ní ẹsẹ̀ ènìyàn ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn tí ó ti mu omi adágún tí kòkòrò wínníwínní wà nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí sòbìà bá mú kò lè re oko, ọmọ tí ó bá mú kò lè re ilé ìwé. Kò sí abẹ́rẹ́ tí ń dènà rẹ̀, kò sì sí hóró oògùn tí ń wò ó. Ní 1989, nǹkan bí 180,000 ènìyàn ni a kà ní Gánà. Ti Nàìjíríà lé ní 600,000 ní òpin àwọn ọdún 1980. Kí ni a fi bá a jà? Aṣọ. Ilé iṣẹ́ DuPont àti Precision Fabrics ní Amẹ́ríkà fi aṣọ náílọ́ọ̀nù tí ojú rẹ̀ há ta wá lọ́rẹ, àjọ Carter Center sì bá àwọn ìjọba wa pín in, kí a lè máa fi sẹ́ omi kí a tó mu ún. Ṣùgbọ́n aṣọ kò lè sẹ́ omi fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ní abúlé ni ó ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń fi kòkòrò inú omi han àwọn ènìyàn, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn bí a ti ń sẹ́ ẹ. Ní Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ní àwọn ọdún 1980, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn bá ará ìlú ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn télọ̀ ìlú sì ń rán asẹ́ náà. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Ní 2015, ó jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ fún Gánà.

Ti àrùn afọ́jú etí odò náà kò yàtọ̀. Ní 1987, ilé iṣẹ́ Merck ṣèlérí pé òun yóò máa fi oògùn Mectizan fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì nílò rẹ̀. Ìlérí náà ì bá má dé ẹnu ọ̀nà aláìsàn bí kò bá jẹ́ pé àwọn ará abúlé fúnra wọn ni a ní kí wọ́n yan ẹni tí yóò pín in, àti ọjọ́ tí wọn yóò pín in. Kò sí òṣùwọ̀n; ọ̀pá tí a fa ìlà sí ni a fi ń wọn gíga ènìyàn, kí a tó mọ iye hóró tí yóò gbé mì. Ní 2025, Niger di ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí pé àrùn náà kò ràn níbẹ̀ mọ́. Ìka tí ó tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú: aṣọ fún sòbìà, ọ̀pá fún Mectizan, káàdì fún ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bá mi jiyàn. Wọn yóò ní, "Ẹni tí kò ní rárá, ṣé ó yẹ kí ó máa yàn? Bí a bá ń béèrè ìwé kí a tó fúnni, ṣé aláìsàn kò ní kú?" Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí kì í sábà ṣì nílò: ìbọ̀wọ́, òwú, báńdéèjì, ọṣẹ, aṣọ ibùsùn. Àjálù a sì máa dé tí kì í jẹ́ kí ènìyàn fara balẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́tà kan tàbí ìpè kan lórí tẹlifóònù kì í gba ju ọjọ́ kan lọ, oògùn tí kò yẹ sì lè gba oṣù mẹ́fà láti sun níná. Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ ìjọba ni ìlera, kí a yé fi ọrẹ bo ìtìjú ìjọba mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé ọrẹ kò lè rọ́pò ìjọba, ìtàn Iléṣà sì fi hàn pé ó lè la ọ̀nà kí ìjọba tó tọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n aboyún tí ń rọbí lálẹ́ òní kò lè dúró de ìdìbò ọdún tí ń bọ̀. Kí á máa bi ìjọba léèrè, kí á sì máa fúnni. Kí á sáà máa fúnni pẹ̀lú ọgbọ́n.

Níbo wá ni olùkọ́ ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí? Nínú ọ̀pọ̀ abúlé tí a ó rán wa lọ, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ni ó jọ ń wo ara wọn lójú. Nọ́ọ̀sì kò ní àyè. Aláìsàn wà níwájú rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Olùkọ́ mọ̀wé kọ, ó mọ ìṣirò, àwọn òbí sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Bí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní Accra tàbí ní London bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, olùkọ́ ni ó lè jókòó ti nọ́ọ̀sì fún wákàtí kan, kí ó bá a kọ orúkọ ohun mẹ́wàá tí ó ń tán jù lórí pẹpẹ rẹ̀, iye tí wọ́n ń lò ní oṣù kan, àti irú iná tí ó wà níbẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo yìí níye lórí ju àpótí mẹ́wàá tí a ṣèèṣì dì lọ. Bí ẹrù bá dé, olùkọ́ lè bá a ka ọjọ́ ara ìgò, kí wọ́n to èyí tí yóò kọ́kọ́ parí síwájú, kí wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tí ará ìlú lè wò, kí oògùn ọ̀fẹ́ má baà di ọjà ní ọwọ́ aláìlójútì.

Iṣẹ́ kan sì wà tí ó jẹ́ ti àwa tí a ti ilẹ̀ púpọ̀ wá sí ibi kan náà. Àpótí tí ó ti Paris wá lè balẹ̀ sí abúlé ní Gánà níbi tí kò sí ẹni tí ó ka èdè Faransé. Èyí tí ó ti London wá lè balẹ̀ sí Tógò tàbí Benin níbi tí kò sí ẹni tí ó ka Gẹ̀ẹ́sì. Nínú kíláàsì wa, ẹni tí ó gbọ́ Faransé jókòó ti ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó gbọ́ Ewé jókòó ti ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Kì í ṣe pé kí á di oníṣègùn. Kíkọ oògùn fún aláìsàn kì í ṣe iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n kí á ka ohun tí ó wà lára ìgò fún nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ èdè náà, iṣẹ́ olùkọ́ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà mìíràn tí a bá gbé àpótí síwájú wa ní Dansoman pé kí á fi nǹkan sí i fún ilé ìwòsàn abúlé kan, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè wa àkọ́kọ́ jẹ́ pé, "Ìwé tí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kọ dà?" Bí ìwé náà bá wà, ẹ jẹ́ kí á fi tayọ̀tayọ̀ dá owó, kódà kí ó jẹ́ owó ọkọ̀ tí yóò gbé ẹrù náà débẹ̀. Bí kò bá sí, kí á kọ́kọ́ ránṣẹ́ lọ béèrè. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ọwọ́ ẹni tí ń gbà sì wà lára àwọn ọwọ́ tí a gbọ́dọ̀ gbá jọ. Olórí wà nílé. Ẹ jẹ́ kí á kàn án lára kí á tó mú abẹ.